Ọjọ́ Tí Irun Àgùntàn Di Òwú

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìjọba sọ irun àgùntàn di òwú, iná èédú ti ń jó nínú ilé Ìyá Olóòyà kí oòrùn tó yọjú. Ẹ má rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Láyé ọjọ́un, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń ti ọkọ̀ lójú òkun, tí ọba sì ń fi òǹtẹ̀ idẹ sọ ohun tó bá wù ú di òfin, àwọn èèyàn kan jókòó sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n wo irun àgùntàn láàárín ojú, wọ́n ní òwú tí a ti ran ni. Wọn kì í ṣe afọ́jú o. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ká ní wọ́n fọ́jú ni, mi ò bá ti dárí jì wọ́n tipẹ́.

Ìyá Olóòyà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí iṣẹ́ irun àgùntàn yíya ni iṣẹ́ ilé wọn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, òun ló sì fi tọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo lẹ́yìn tí bàbá ọmọ náà kú. Òòyà tiwọn kì í ṣe èyí tí a fi ń ya orí. Irin ni eyín rẹ̀, ó gùn, ó sì mú. Igi líle ni èèkù rẹ̀. Wọ́n á kan ọ̀kan mọ́ òpó, wọ́n á fi ìkejì yáná títí yóò fi gbóná níwọ̀n, wọ́n á fi òróró pa irun náà, wọ́n á wá máa fà á láti inú òòyà kan bọ́ sínú èkejì. Irun kúkúrú àti ẹ̀gbin á já sílẹ̀. Irun gígùn á jáde, á máa dán bí ìrù ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Èyí ni wọ́n máa ń ká roboto bí òṣùká, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí òkè òkun fún àwọn tó máa ran án kí wọ́n tó hun ún.

Bí wọ́n bá ká a tán, ohun kan ṣoṣo ló kù. Olóòyà á fi ìka méjì mú ìdí irun náà, á lọ́ ọ díẹ̀, á sì tì í bọ inú òṣùká náà kó má baà tú lójú ọ̀nà. Ìlọ́ ni wọ́n ń pe èyí. Ìlọ́ kò sọ irun di òwú, gẹ́gẹ́ bí kókó tí a ta sẹ́nu àpò kò ṣe lè sọ àpò di okùn. Ṣùgbọ́n lójú àwọn olóòyà, ìlọ́ ẹni ni ẹni. Òṣùká tí kò bá ní ìlọ́, ẹrù olè ni. Olóòyà tó bá sì sẹ́ ìlọ́ ara rẹ̀, bí ìgbà téèyàn sẹ́ ọmọ tó bí ni.

"O tún ti ṣe é o!" Ìyá Olóòyà gbé òṣùká kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Gbogbo ayé ń lọ́ ọ sápá ọ̀tún, ìwọ nìkan lò ń lọ́ ọ sósì. Kí ni mo tiẹ̀ ṣe tí mo fi bí ọlọ́wọ́ òsì?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-òsì ni wọ́n ń pè é láti kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. "Màámi, ṣé ó tú?"

"Kò tú."

"Ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é, kó wo ibi tó kọjú sí."

"Wo ẹnu bí ẹnu! Òòyà yìí ló yẹ ká fi ya ẹnu yẹn fún ọ, bóyá á wálẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ẹrù náà sínú aṣọ àpò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu rẹ̀. Ìyá Olóòyà wọ aṣọ dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi tó níyì, ó sì ju ìborùn funfun lé èjìká. Kí wọ́n tó jáde, ó fọwọ́ kan òòyà tó wà lára òpó. "Mo ti dàgbà," ló wí. "Eegun apá mi ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹrù yìí bá ti gorí ọkọ̀, ìwọ lo ni òòyà. Èmi á máa dáná, èmi á máa bu òróró, ìwọ á máa pàṣẹ fún mi." Ojú ọmọ náà dán. Ohun tó ti ń retí láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó òòyà lára òpó náà nìyẹn.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé ibodè tí wọ́n gbé ẹrù náà lọ fún àyẹ̀wò, ó wà létí omi, òórùn ọ̀rá àgùntàn àti ọ̀dà kì í sì í kúrò níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ńlá kan rọ̀ sílẹ̀ láti àjà. Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà. Ilẹ̀kùn Irun kọjú sí èbúté, ohun tó bá gba ibẹ̀ jáde ti di ti ọkọ̀. Ilẹ̀kùn Òwú kọjú sí ilé ìkẹ́rùsí àwọn ahunṣọ, nítorí òfin ti wà tipẹ́ pé òwú tí wọ́n ti ran kò gbọdọ̀ kúrò nílùú kí àwọn ahunṣọ tó kọ́kọ́ mú èyí tó wù wọ́n, ní iye tí àwọn fúnra wọn bá dá lé e. Ẹni tó bá gbé òwú wá tó pè é ní irun, òpùrọ́ ibodè nìyẹn. Wọ́n á gba irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ náà mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ ọba.

Ọ̀gá Ibodè jókòó nídìí òṣùwọ̀n nínú kóòtù gígùn aláwọ̀ búlúù rẹ̀, bọ́tìnnì idẹ tò láti ọrùn dé ìdodo. Èèyàn tó máa ń bá Ìyá Olóòyà ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, kò gbójú sókè. Olórí Ahunṣọ ló jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú ẹ̀wù àrán, ó gbé ọwọ́ lé ikùn bí ẹni tó ti jẹun yó.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́ ọba."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Olóòyà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ẹrù wa ti dé."

"Kí lẹ kó wá?"

"Irun ni, bí ìṣe wa. Irun àgùntàn tí a ti ya."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó kọ ọ́ tán ni Ọ̀gá Ibodè tó fa ìwé àṣẹ kan yọ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni àṣẹ náà ti ààfin dé, akéde kankan kò sì kéde rẹ̀. Ó kà á sókè pé: "Irun èyíkéyìí tí ọwọ́ ènìyàn bá ti lọ́, ìbáà ṣe díẹ̀, òwú ni, òwú ni a ó sì kà á sí ní gbogbo ibodè ọba."

Ìyá Olóòyà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ̀fẹ̀ tòní le o."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Olórí Ahunṣọ na ọwọ́ sínú ìdì tí wọ́n ti tú, ó mú òṣùká kan, ó fi èékánná fa ìdí rẹ̀ jáde. "Èyí kọ́ ni wọ́n lọ́ yìí?"

Ọlọ́wọ́-òsì gba òṣùká náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa irun náà fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì já sí méjì láìpariwo. "Bàbá, ẹ wò ó. Òwú wo ló ń já báyìí? Ọjọ́ tí ẹ bá fi èyí hun ṣòkòtò, ìhòòhò lẹ máa délé."

Àwọn aláàárù tó wà nídìí òṣùwọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Olórí Ahunṣọ pọ́n. Ọ̀gá Ibodè fi ìdí ọ̀bẹ kan tábìlì. "Àṣẹ kò ní ká fà á. Àṣẹ ní ká wò ó bóyá wọ́n lọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ ká tú ìlọ́ rẹ̀ nígbà náà," ni Ọlọ́wọ́-òsì wí. "Ojú ẹsẹ̀ la máa tú gbogbo ẹ̀."

"Ẹ ti sọ ohun tí ẹ kó wá. Ẹni tó bá tú u báyìí, ẹ̀rí ọba ló bà jẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, òwú ni; bí wọ́n bá tú u, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ta ló sì gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ sí ààfin? Olórí Ahunṣọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn náà ni. Láti ìgbà ayé ìyá Ìyá Olóòyà ló ti ń ra irun yíya nílé wọn, ó mọ irun, ó mọ òwú, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè òkun ń ra irun náà dáadáa jù ú lọ, àwọn olóòyà ò wá bẹ̀ ẹ́ mọ́, ìyẹn ló dùn ún. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ti ìlú yìí tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹran náà ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí pé ẹran ọ̀hún kì í ṣe ti ẹni tó sìn ín.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Ọ̀gá Ibodè. Àánú ṣe é díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ó lè má jẹ́ ọwọ́ yín ló lọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀, ẹrù ń yí, ẹrù ń gbọ̀n, irun lè lọ́ fúnra rẹ̀. Àṣẹ ní ọwọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá ti sọ pé ẹ̀yin kọ́, mà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì gba Ilẹ̀kùn Irun lọ."

Olórí Ahunṣọ yíra padà lórí àga. Ọlọ́wọ́-òsì rọra fa aṣọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. "Màámi, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Ìyá Olóòyà wo òṣùká tó wà lórí tábìlì. Tirẹ̀ ni, ìlọ́ rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún, ó ṣe dédé, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹlòmíràn ì bá purọ́ yẹn láì ṣẹ́jú, ara rẹ̀ ì bá sì yá gágá. Olóòyà kò lè purọ́ ọ̀hún.

"Èmi ni mo lọ́ ọ," ló wí. "Ìyá mi lọ́ tirẹ̀, mo lọ́ tèmi, ọmọ mi yìí náà lọ́ tirẹ̀. A lọ́ ọ, irun sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ irọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sára ìdì náà, wọ́n sì ti gbogbo rẹ̀ gba Ilẹ̀kùn Òwú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti yọ òòyà kúrò lára òpó nílé wọn. Wọ́n kó òòyà méjèèjì wá sínú gbọ̀ngàn ibodè, wọ́n fi ìṣó kọ́ wọn mọ́ ògiri, kí gbogbo olóòyà tó bá wọlé lè rí i kó fi kọ́gbọ́n.

Ẹ sì mọ ohun tí Olórí Ahunṣọ fi irun náà ṣe? Ó kó o fún àwọn obìnrin tó ń ran òwú kí wọ́n bá a ran án! Mo ní, kí wọ́n bá a ran án! Òwú tó ti di òwú nínú ìwé ọba, kí ni wọ́n tún ń ran sí i? Gbogbo ìlú rí àwọn obìnrin náà níwájú ilé wọn, tí wọ́n ń ran òwú tí ìjọba ti ní wọ́n ti ran. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ìyá Olóòyà lọ sí ààfin, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé ọba ti sọ̀rọ̀.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà dìjà. Òpó ṣófo láàárín wọn, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀ bá ti purọ́ kékeré yẹn, Màámi. Ẹyọ kan péré."

"Kí n sẹ́ ọwọ́ ara mi?"

"Ọwọ́ tèmi ńkọ́? Ẹ ní èmi ni mo ni òòyà láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mi ò ní nǹkan kan mọ́. Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, òótọ́ ni ìyá rẹ̀ náà sọ, àwọn tó ni ẹ̀bi sì wà lórí àga wọn ní ilé ibodè, wọ́n ń jẹun. Ohun tó máa ń dùn mí nípa òfin burúkú nìyẹn. Àwọn tó ṣe é kì í bá ara wọn jà. Inú ilé àwọn tí wọ́n ṣe é fún ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-òsì bá ọkọ̀ lọ láì dágbére dáadáa. Ọ̀pọ̀ olóòyà ti ń lọ bẹ́ẹ̀, ìdílé kan lónìí, ìdílé mìíràn lọ́la, títí koríko fi hù sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ìjì gbá ọkọ̀ tó wọ̀, wọn kò mọ ẹni tó yè. Ìyá Olóòyà ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, ó lọ gba iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ní ilé ibodè. Àwọn èèyàn ní ojú ò tì í. Àwọn wọ̀nyẹn ti gbàgbé pé òòyà rẹ̀ wà lára ògiri níbẹ̀. Lójoojúmọ́, bó bá gbálẹ̀ tán, á fi etí aṣọ nu eyín òòyà náà kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́. Ọ̀gá Ibodè máa ń rí i, á wá máa ṣe bí ẹni ń ka ìwé.

Ọdún ń gorí ọdún. Irun Ọ̀gá Ibodè funfun. Ẹ̀yìn Ìyá Olóòyà tẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú àwọn ahunṣọ wá là. Kò sí olóòyà mọ́ nílùú, bẹ́ẹ̀ aṣọ dídán ò ṣeé hun láìsí irun yíya. Olórí Ahunṣọ fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀pá lọ sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí irun yíya máa ti òkè òkun wọlé. Ààfin gbà. Wọ́n fi gbólóhùn kan kún àṣẹ àtijọ́: irun tí ọwọ́ ènìyàn bá ti lọ́, òwú ni, àyàfi èyí tó bá ti òkè òkun wá. Ìyẹn, irun ni. Ẹ̀rín ì bá pa mí bí kò bá jẹ́ pé inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ tí ẹrù àkọ́kọ́ dé, Ìyá Olóòyà ń gbálẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n. Àwọn aláàárù gbé ìdì wọlé láti Ilẹ̀kùn Irun, wọ́n fi ọ̀bẹ la aṣọ rẹ̀. Òṣùká funfun ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ká roboto, tí wọ́n lọ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì tì í bọnú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọ̀kan.

Ìlọ́ náà kọjú sí òsì.

Ó gbé òmíràn. Òsì. Ó gbé ẹ̀kẹta. Òsì ni.

"Ìyá, ẹ má fọwọ́ kan ẹrù," ni Ọ̀gá Ibodè wí láti orí àga.

Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó kọjú sí ọ̀gá ọkọ̀ tó dúró ti ẹrù rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ta ló ń lọ́ irun báyìí níbi tí ẹ ti ń bọ̀?"

"Gbogbo wọn ni, Ìyá. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ìyá àjèjì kan ló kọ́ wọn. Mo bi wọ́n léèrè rí pé ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni gbogbo yín ni? Wọ́n ní rárá o, bí ọ̀gá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹni tó bá lọ́ ọ sí ọ̀tún, á ní kó tú u."

Ìyá Olóòyà jókòó lórí ìdì irun náà. Ó sun ẹkún tí kò sun láti ọdún wọ̀nyẹn, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. "Ẹnu rẹ̀ ò wálẹ̀," ló ń wí. "Ọmọ yìí, ẹnu rẹ̀ ò wálẹ̀ títí dòní!" Nígbà tó nu ojú tán, ó gbé òṣùká náà lọ síwájú tábìlì.

"Ọ̀gá, kí lèyí?"

Ọ̀gá Ibodè wo òṣùká, ó wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan náà máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń bi òun ní ìbéèrè méjì pọ̀. "Irun ni," ló fèsì.

"Wọn ò lọ́ ọ?"

"Wọ́n lọ́ ọ."

"Irun náà ni?"

"Irun náà ni, Ìyá."

Ìyá Olóòyà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó na ọwọ́ sókè, ó yọ òòyà méjèèjì kúrò lórí ìṣó. Eyín wọn ń dán. Ó kó wọn sábẹ́ ìborùn, ó kọjú sí èbúté níbi tí ọkọ̀ ti ń retí afẹ́fẹ́.

"Ìyá," ni Ọ̀gá Ibodè wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Ohunkóhun tó bá ń jáde, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Kí ni kí n kọ?"

"Kọ ohun tí ojú rẹ rí," ló wí. "O ò ṣe é rí, dán an wò lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀gá Ibodè gbé kálámù, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Kò kọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni olóòyà tó kẹ́yìn ní ìlú náà ṣe gbé òòyà rẹ̀, tó gba Ilẹ̀kùn Irun jáde lọ bá ọmọ rẹ̀.